Àgbájọ Ọwọ́ Tí Kò Gbẹ́rù

Àwọn àgbà tó pa òwe àgbájọ ọwọ́ kò pa á ní ìlàjì. Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Wọ́n sì fà á gùn, wọ́n ní ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Apá kìíní dùn létí, apá kejì wúwo lọ́rùn. Bóyá ohun tó fà á nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ ètò ààbò bá délẹ̀ ní Nàìjíríà, apá kìíní nìkan ni àwọn olóṣèlú máa ń rántí. Wọ́n á tò síwájú kámẹ́rà, onígbálẹ̀ APC lọ́wọ́ ọ̀tún, alábùradà PDP lọ́wọ́ òsì. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ènìyàn kọjá ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú. Wọ́n á kó ọwọ́ jọ, wọ́n á sì sọ̀yà tó máa dún dé ìlú kejì. Ẹrù náà wà nílẹ̀ níwájú wọn gbangba. Kò sẹ́ni tó nawọ́ sí i.

Ẹni tó bá ń wá ohun tí ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba àti ẹgbẹ́ alátakò ti jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí jù lọ nílé aṣòfin Àbújá, kó má wulẹ̀ ṣí ìwé òfin. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú kan ni. Bí agbébọn bá ya wọ abúlé kan, ọmọ ilé tó ń ṣojú àgbègbè náà yóò dìde pẹ̀lú àbá. Ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ láti ẹgbẹ́ kejì yóò kín in lẹ́yìn. Wọ́n á bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà ọ̀daràn náà, wọ́n á ké sí àwọn agbófinró pé kí wọ́n tẹra mọ́ṣẹ́, wọ́n á ní kí àjọ tó ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì kó ìrẹsì àti ẹní lọ fún àwọn tó sá àsálà. Lẹ́yìn náà gbogbo ilé á dìde, wọ́n á tẹrí ba, wọ́n á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ó parí. Àbá tó rọrùn láti fọwọ́ sí ni: kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, kò bí ọ̀gá ẹgbẹ́ kankan nínú, kò sì sí ẹni tó máa padà wá béèrè pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọjọ́sí, níbo ló bá wa dé?

Bí ọ̀rọ̀ náà bá wá le ju ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lọ, wọ́n á pe àpérò. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà pe tirẹ̀ lórí ètò ààbò ní 2018. Ilé aṣojú-ṣòfin pe tiwọn ní 2021. Wọ́n kọ àbájáde sílẹ̀. Àwọn ajínigbé kò ráyè kà á.

Ọwọ́ kan náà tí wọ́n fi ń sọ̀yà ni wọ́n fi ń nàka síra wọn. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 2014, Boko Haram kó akẹ́kọ̀ọ́-bìnrin 276 lọ nílé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Chibok, ìpínlẹ̀ Borno. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, bọ́ǹbù ti pa ènìyàn tó lé ní 70 ní ibùdókọ̀ Nyanya, lẹ́bàá Àbújá. Lọ́jọ́ kejì, Ààrẹ Goodluck Jonathan wà ní Kano níbi ìpéjọ ẹgbẹ́ PDP, ó ń kí gómìnà àná níbẹ̀, Ibrahim Shekarau, káàbọ̀ sínú ẹgbẹ́. Ó sì jó. APC, tó jẹ́ alátakò nígbà náà, kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀ kí wọ́n tó bú u. Wọ́n bú u, wọ́n tún un bú, ó sì tọ́ sí i. PDP náà dáhùn pé ọwọ́ APC ló wà lẹ́yìn àwọn tó ń pariwo káàkiri ìgboro pé kí ìjọba dá àwọn ọmọ náà padà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà nínú igbó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọdún mẹ́rin kọjá. Ìjọba ti bọ́ sọ́wọ́ APC. Ní ọjọ́ 19 oṣù kejì 2018, wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́-bìnrin 110 lọ ní Dapchi, ìpínlẹ̀ Yobe. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí olóògbé Ààrẹ Muhammadu Buhari fi yọjú sí Kano (bẹ́ẹ̀ ni, Kano náà) níbi ìgbéyàwó ọmọ gómìnà Kano àti ọmọ gómìnà Ọ̀yọ́, tòun ti ọ̀pọ̀ gómìnà tó gbé agbádá wá jẹun. Lọ́tẹ̀ yìí, PDP ló ń bú, APC ló ń ṣàlàyé. Kí ni Kano fi ń fa àwọn ààrẹ yìí gan-an?

Àgbà ní ká lé akátá jìnnà ná, ká tó fàbọ̀ sórí adìẹ. Ní Àbújá, adìẹ ni wọ́n ń bá wí láti àárọ̀. Akátá ti jẹun yó, ó ti nà tàntàn.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yí, kó wo iṣẹ́ àwọn agbẹnusọ. Láì Mohammed ni agbẹnusọ APC nígbà tí ẹgbẹ́ náà ń ṣe alátakò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ìkọlù Boko Haram kọ̀ọ̀kan, kó sì fi na ìjọba Jonathan bí ẹni ń fi pàṣán na ọ̀lẹ. Ó mọ iṣẹ́ ọ̀hún. Ní 2015 ó di mínísítà ìròyìn, iṣẹ́ rẹ̀ sì wá di kó máa fi ọkàn ará ìlú balẹ̀ pé Boko Haram ti ń kógbá sílé. Olisa Metuh tó jẹ́ agbẹnusọ PDP gba ọ̀nà kejì lọ: ẹni tó ń gbèjà ìjọba lánàá di ẹni tó ń bú ìjọba lónìí. Kò sí ẹni tó nílò láti kọ ọ̀rọ̀ tuntun nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n kàn pààrọ̀ ìwé ni.

Ìgbà yẹn náà ni Buhari sọ fún BBC, ní oṣù kejìlá 2015, pé Nàìjíríà ti ṣẹ́gun Boko Haram, àmọ́ ó fi ọ̀rọ̀ kan tì í lẹ́yìn: “technically”. Àwọn atúmọ̀ èdè Yorùbá kò tíì rí ibi tí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ yìí sí. Bí ọdẹ bá ti igbó dé, tó ní òun ti pa ẹkùn, “technically”, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rán ọmọdé lọ sódò.

Ọ̀rọ̀ ìjọba pàjáwìrì ló tún wá jọni lójú jù. Ní oṣù karùn-ún 2013, Jonathan kéde rẹ̀ ní Borno, Yobe àti Adamawa. Ẹgbẹ́ ACN, tí Bọ́lá Tinúbú jẹ́ aṣáájú rẹ̀, ní àwọn kò fara mọ́ ọn. Ní oṣù kẹta 2025, Tinúbú ti di ààrẹ. Lẹ́yìn ìjà òṣèlú tó ti pẹ́ ní Rivers, tí ọ̀pá epo kan sì bú gbàmù níbẹ̀, òun náà kéde tirẹ̀, ó sì ní kí gómìnà, igbákejì gómìnà àti gbogbo ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà lọ rọ́kún nílé fún oṣù mẹ́fà. Jonathan kò tiẹ̀ dé bẹ́ẹ̀. Ó fi àwọn gómìnà mẹ́ta tirẹ̀ sílẹ̀ lórí àga wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, ta ló ní òun kò fara mọ́ ọn? PDP ni.

Ó wá ku ilé aṣòfin. Abala 305 nínú òfin orílẹ̀-èdè ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí irú ìkéde bẹ́ẹ̀. Nínú aṣojú-ṣòfin 360, 240 nìyẹn; nínú sẹ́nétọ̀ 109, 73 ni. Onígbálẹ̀ wà níbẹ̀, alábùradà wà níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké náà kò gbẹ́yìn. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta, wọ́n fi ohùn dìbò nílé méjèèjì: ẹ̀yin tẹ́ ẹ fara mọ́ ọn, ẹ ní bẹ́ẹ̀ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lòdì, ẹ ní bẹ́ẹ̀kọ́. Wọ́n pariwo, wọ́n lu igi mọ́ tábìlì, ó tán. Ọmọ aráyé ti ń fi ọwọ́ ka owó, ó ti ń fi ojú ka orí àgùntàn. Àbújá ni wọ́n ti fi etí ka ìdá méjì nínú mẹ́ta.

Àwọn kan tilẹ̀ ń pe èyí ní ìṣọ̀kan. Bó bá jẹ́ pé kí ẹgbẹ́ méjì wà nínú ẹnìkan ni ìṣọ̀kan, a jẹ́ pé Nàìjíríà ti borí ayé. Shekarau tí wọ́n jó fún ní Kano kò pẹ́ níbẹ̀: ó ti ANPP bọ́ sí APC, ó ti ibẹ̀ bọ́ sí PDP, ó padà sí APC, ó wọ NNPP, ó tún padà sí PDP. Ti Bello Matawalle tilẹ̀ kan ètò ààbò gbọ̀ngbọ̀n. Orúkọ PDP ló fi di gómìnà Zamfara ní 2019, nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ da ìbò APC nù bí omi ìṣanwọ́. Ní oṣù kejì 2021, àwọn agbébọn kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́-bìnrin lọ ní Jangebe nínú ìpínlẹ̀ rẹ̀. 279 ni wọ́n padà gbà. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, gómìnà di ẹrù, ó bọ́ sí APC. Ní 2023 àwọn ará Zamfara kọ̀, wọn kò dìbò fún un mọ́. Kí ọdún náà tó parí, ó ti jókòó sí iléeṣẹ́ ètò ààbò ní Àbújá gẹ́gẹ́ bí mínísítà kejì. Ẹni tí Zamfara ní kò lè ṣọ́ Zamfara mọ́ ni wọ́n ní kó wá bá wọn ṣọ́ Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n kò yẹ ká purọ́ mọ́ wọn pé kò sí ẹrù kan tí wọ́n jọ ń gbé. Ó wà. Owó ààbò ni.

Owó ààbò yìí, gómìnà onígbálẹ̀ ń gbà á, gómìnà alábùradà ń gbà á, ẹgbẹ́ tó ní ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo náà ń gbà á. Láti ayé ìjọba ológun ló ti wà. Òfin orílẹ̀-èdè 1999 kò dárúkọ rẹ̀ níbì kankan. Owó ọwọ́ ni wọ́n máa ń san lọ́pọ̀ ìgbà, kò ní rìsíìtì, kò ní olùyẹ̀wò. Bí ẹnìkan bá sì béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ààbò ni, àṣírí ni. Ní 2018, àjọ Transparency International gbé ìwádìí kan jáde tó fojú bu owó yìí káàkiri Nàìjíríà sí ohun tó ju 670 mílíọ̀nù dọ́là lọ lọ́dún. Ìwádìí náà ní ó ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìsúná ọlọ́pàá gbogbo orílẹ̀-èdè lọ, ó sì ju ìsúná iléeṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká tún un kà: owó tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ohun tí wọ́n fi rà ju owó àwọn tó ń ru ìbọn lọ.

Nígbà ìpolongo ìbò, àwọn olóṣèlú á bú ìyá ara wọn, wọ́n á hú òkú bàbá ara wọn síta. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ gbọ́ kí ọ̀kan bi èkejì pé kí lo fi owó ààbò ṣe. Àgbájọ ọwọ́ nìyẹn. Kò tilẹ̀ wá sọ̀yà. Ó wọ àpò wẹ́rẹ́.

Ní oṣù kẹfà 2018, Abdulaziz Yari tó jẹ́ gómìnà Zamfara nígbà náà, tó tún jẹ́ alága gbogbo gómìnà Nàìjíríà, ní òun kọ̀wé fi ipò ọ̀gá àgbà ètò ààbò ìpínlẹ̀ òun sílẹ̀, nítorí pé ọlọ́pàá àti sójà kì í gbọ́ tòun. Ká má parọ́, ọ̀rọ̀ gidi wà níbẹ̀. Abala 215 jẹ́ kí gómìnà lè pàṣẹ fún kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá, ó sì jẹ́ kí kọmíṣọ́nnà náà lè ní kí òun kọ́kọ́ bi Àbújá; gómìnà wá dà bí baálé ilé tí kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ wà lọ́wọ́ onílé míì. Ohun tí Yari kò sọ ni bóyá owó ààbò náà kọ̀wé fi ipò sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́pàá tó ń tẹ̀ lé ẹni ńlá. Ọlọ́pàá tí kò tó lábúlé pọ̀ níwájú géètì wọn, lẹ́yìn ọkọ̀ wọn, níbi òkú ìyá àna wọn. Òmíràn ló ń bá ìyàwó ọ̀gá gbé báàgì. Ní 2018, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pàṣẹ pé kí wọ́n kó wọn kúrò. Ní 2023, ọ̀gá àgbà míì tún pa irú àṣẹ náà. Ní oṣù kọkànlá 2025, Ààrẹ fúnra rẹ̀ tún un pa. Àṣẹ tí wọ́n bá ń pa lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a ti mọ iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ lé e.

Níbi tí gbogbo ọwọ́ bá ti jọ wà lókè, ó yẹ kí ẹni tó gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọwọ́ kan tó wà nílẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2017, ìgbìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tí àwọn gómìnà jókòó sí fọwọ́ sí i pé kí ìjọba àpapọ̀ yọ bílíọ̀nù kan dọ́là nínú àpò owó epo tó ṣẹ́kù, láti fi gbógun ti Boko Haram. Ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba àti alátakò ló wà níbẹ̀. Ayọ̀ Fáyóṣé ti Èkìtì bọ́ síta, ó ní òun kò sí lára wọn, pé owó ìbò 2019 ni wọ́n ń kó jọ. Fáyóṣé kì í ṣe ẹni mímọ́; ọ̀rọ̀ a máa dùn lẹ́nu rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ni ìbéèrè ń jẹ́. Nígbà tó yá, ìjọba san 496 mílíọ̀nù dọ́là nínú owó náà fún Amẹ́ríkà lórí ọkọ̀ òfurufú ogun Super Tucano méjìlá, kí ilé aṣòfin tó gbọ́ sí i. Mẹ́fà àkọ́kọ́ balẹ̀ ní oṣù keje 2021. Kano ni wọ́n balẹ̀ sí.

Òwe ní ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Òótọ́ ni. Kò sọ pé ọwọ́ kan kò lè gbá ẹrù olè dání.

Amẹ́ríkà tí Nàìjíríà ti yá ètò ìjọba ààrẹ ní 1979 ni àwọn olóṣèlú wa ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé òṣèlú kò gbọ́dọ̀ kọjá etí òkun. Sẹ́nétọ̀ Arthur Vandenberg, ọmọ ẹgbẹ́ Republican, ló sọ gbólóhùn náà di ìlú-mọ̀ọ́ká lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí òun àti Ààrẹ Truman, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat, jọ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé ẹrù ní tòótọ́ nígbà náà. Àwọn ọmọ wọn ńkọ́? Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án 2001, ọjọ́ kẹta tí ilé gogoro méjì wó ní New York, ilé aṣòfin wọn fún ààrẹ láṣẹ láti jagun. Àwọn sẹ́nétọ̀ dìbò 98 sí òdo. Àwọn aṣojú dìbò 420 sí ẹyọ kan. Ẹyọ kan náà ni Barbara Lee láti California, tó ní kí wọ́n ṣe sùúrù kí wọ́n ronú. Wọ́n fi ikú dẹ́rù bà á débi pé ọlọ́pàá ní láti máa ṣọ́ ọ. Gbólóhùn tó fún ààrẹ láṣẹ nínú òfin náà kò ju ọgọ́ta ọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ààrẹ ẹgbẹ́ méjèèjì ló gun un bí ẹṣin dé àwọn ilẹ̀ tí kò sí lórúkọ nínú rẹ̀; ogun Afghanistan nìkan gba ogún ọdún. Àgbájọ ọwọ́ 420 sọ̀yà. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló béèrè bí ẹrù náà ṣe tẹ̀wọ̀n tó.

Nígbà tí ẹrù gidi wá délẹ̀, ẹ wo wọn. Fún ọ̀pọ̀ oṣù ni James Lankford tó jẹ́ Republican, Chris Murphy tó jẹ́ Democrat àti Kyrsten Sinema tí kò ṣe ẹgbẹ́ kankan fi jókòó kọ òfin lórí ààlà ilẹ̀ wọn, ọ̀rọ̀ tí Republican ti ń ké lé lórí láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n gbé e jáde ní oṣù kejì 2024. Donald Trump, tó ń múra ìbò, ní kí wọ́n pa á tì. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, òfin náà ṣubú: 49 sí 50, nígbà tó yẹ kó ní 60. Àwọn tó ní ilé ń jóná ni wọ́n da omi nù, kí iná lè wúlò fún wọn níbi ìpolongo.

Ẹnìkan lè ní ṣé ibi kankan tilẹ̀ wà tí wọ́n ti gbẹ́rù dórí rí? Ó wà, ó sì sún mọ́lé. Ní oṣù keje 2019, wọ́n pa ọmọbìnrin aṣáájú Afẹ́nifẹ́re, Reuben Fásọ̀rántì, lójú ọ̀nà Oǹdó sí Ọ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rù ti gba ojú ọ̀nà ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà. Ẹni tó ń lọ Àkúrẹ́ láti Ìbàdàn á kọ́kọ́ gbàdúrà bí ẹni ń lọ Mẹ́kà. Gómìnà mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá jókòó, àjọ DAWN tó ń rí sí ìdàgbàsókè agbègbè náà bá wọn ya àwòrán iṣẹ́ náà, wọ́n sì ṣí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní 2020. Márùn-ún nínú wọn jẹ́ APC: Sanwó-Olú, Abíọ́dún, Oyètọ́lá, Fáyẹmí àti olóògbé Akérédolú. Ṣèyí Mákindé ti Ọ̀yọ́ nìkan ni PDP, ilé rẹ̀ sì ni wọ́n ti ṣe é. (Wọ́n sọ̀yà díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ká sòótọ́, ọkọ̀ tuntun pọ̀, kámẹ́rà pọ̀.)

Ta ló kọ́kọ́ ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe alátakò. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, Abubakar Malami, mínísítà ètò ìdájọ́ tó wà nínú ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú márùn-ún nínú wọn, ní iṣẹ́ tí kò bófin mu ni. Ìlú gbóná. Wọ́n jókòó pẹ̀lú Igbákejì Ààrẹ Yẹmí Òṣínbàjò, wọ́n ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ ṣòfin sí i lẹ́yìn, wọ́n sì ṣe é láàárín oṣù díẹ̀. Èkó fi tirẹ̀ kún òfin ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tó ti ní tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbọn ńkọ́? Àwọn tó ń lé ajínigbé tó gbé AK-47 wọ igbó pẹ̀lú ṣakabùlà. Ní 2022, Akérédolú ké gbàjarè pé bí wọ́n bá lè fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ní Katsina ní irú ìbọn bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí Oǹdó kò lè ra tirẹ̀?

Ó mọ ohun tó ń sọ. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn agbésùmọ̀mí yìnbọn, wọ́n ju bọ́ǹbù lu àwọn olùjọsìn ní ìjọ Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, ìlú Akérédolú gan-an. Ó kéré tán, 40 ènìyàn ló kú. Gómìnà wà ní Àbújá lórí iṣẹ́ ẹgbẹ́ nígbà tí ìròyìn náà bá a. Ó pa á tì, ó sáré padà. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni APC ń dìbò abẹ́lé wọn. Àwọn olùdíje ṣèbẹ̀wò, wọ́n kẹ́dùn, wọ́n bá ọkọ̀ òfurufú padà sí Àbújá. Ìdìbò abẹ́lé náà kò yẹ̀.

Ẹrù tó kù nílẹ̀ ní orúkọ. Abala 214 nínú òfin 1999 ní ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà ní Nàìjíríà. Ní oṣù kìíní 2018, ìgbìmọ̀ APC tí Nasir El-Rufai jẹ́ alága rẹ̀ ní kí ìpínlẹ̀ ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Ní oṣù kejì 2024, Ààrẹ àti àwọn gómìnà gbogbo ẹgbẹ́ ní àwọn jọ máa gbé e yẹ̀ wò. Ní oṣù kọkànlá 2025, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n jí akẹ́kọ̀ọ́-bìnrin gbé ní Maga, ní Kebbi. Wọ́n ya wọ ilé ìjọsìn ní Erúkù, ní Kwara. Wọ́n kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ ní Papiri, ní Niger. Ààrẹ wá kéde ọ̀ràn pàjáwìrì lórí ètò ààbò, ó sì ní kí ilé aṣòfin bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí wọ́n á ṣe tún òfin ṣe. Ó yẹ ká bẹ̀rù ọlọ́pàá tó máa wà lábẹ́ gómìnà kan tí kì í gba àtakò. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù lásán, nítorí àwọn tó dàgbà rántí ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ayé Ìwọ̀-Oòrùn àti ohun tí wọ́n fi ṣe fún alátakò. Ká jókòó ká jà lórí ìyẹn, ìjà tó dára ni, ìjà lórí ẹrù ni. Ṣùgbọ́n láti 2018, kì í ṣe àtakò ló dá a dúró. Gbogbo wọn ló gbà. Wọ́n gbà, wọ́n gbà, wọ́n sì tún gbà.

Ìdìbò 2027 ti ń kan ilẹ̀kùn. Nínú àwọn ọmọ Chibok, ó lé ní 80 tí kò tíì délé. Nígbà tí àwọn olóṣèlú bá dé àdúgbò yín, tí ẹgbẹ́ méjì bá ní àwọn ti jọ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ nítorí ààbò yín, ẹ má pàtẹ́wọ́ ná. Ẹ bi gómìnà léèrè iye owó ààbò tó gbà lóṣù tó kọjá àti ohun tó fi rà. Ẹ bi alátakò tó ń bú u bóyá òun máa kéde tirẹ̀ bó bá wọlé. Kí ẹ sì jókòó síbẹ̀ títí wọ́n á fi dáhùn.